Ọmọ Ogun Àfipamọ́ Tó Dá Wà Láàárín Àwọn Alákòókò Kíkún: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Arábìnrin Kan ní Houston

Arábìnrin kan tó ń gbé ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, kọ̀wé sí mi. Ó ní òun lo ọdún mẹ́fà nínú iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí alákòókò kíkún, ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ẹrù àti ohun èlò, kí òun tó kúrò níbẹ̀ lọ síléeṣẹ́ aládàáni kan kí òun lè dúró lójú kan pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ òun. Ní báyìí, wọ́n ti fi àyè kan lọ̀ ọ́ ní San Antonio, pé kó wá di ọmọ ogun àfipamọ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní IMA, kí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀ka àwọn alákòókò kíkún kan níbẹ̀, ní ìsọ̀rí Category B. Ó béèrè ta ni yóò jẹ́ ọ̀gá òun gan-an, ó béèrè bóyá ọdún mẹ́fà tí òun ti ṣe kò ní ṣòfò, ó béèrè ohun tí òun máa sọ fún agbanisíṣẹ́ òun, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá òun á ṣì lè máa lọ kí àwọn òbí òun n'Ìbàdàn lóṣù Kejìlá.

Arábìnrin mi, èrò tèmi ni pé kí ẹ gba àyè náà. Ṣùgbọ́n kí ẹ gbà á pẹ̀lú òye pé láti ọjọ́ tí ẹ bá ti fọwọ́ síwèé, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa jẹ́ akọ̀wé ara yín. Mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí pẹ́, àwọn ọmọ ogun tó dáńtọ́ tí mo rí tí ọdún wọn ṣòfò nínú rẹ̀ kò kéré, kò sì sí èyí tó jẹ́ pé iṣẹ́ ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ìwé ló gbé wọn ṣubú.

Ọmọ ogun àfipamọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ni èyí tó wà nínú ẹ̀ka tó jẹ́ ti àwọn àfipamọ́ látòkè délẹ̀. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń péjọ ní òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù, wọ́n á sì fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lé e lọ́dún. Bí ẹnì kan bá gbàgbé ọjọ́, ẹlòmíràn á pè é lórí fóònù. Bí àyẹ̀wò eyín ẹnì kan bá fẹ́ kọjá àkókò, akọ̀wé ẹ̀ka á rán an létí. IMA kò ní irú agbo bẹ́ẹ̀. Àyè ẹnì kan ṣoṣo ni, láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ogun lójoojúmọ́, tí ìjọba ti pinnu pé bí ogun tàbí pàjáwìrì bá dé, ẹnì kan tó ti mọ iṣẹ́ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ láti dí i. Nítorí náà, ọjọ́ iṣẹ́ àwọn alákòókò kíkún ni ọjọ́ tiyín náà, láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ẹ̀yin àti ọ̀gá yín lẹ ó sì jọ fẹnu kò sí ọjọ́ tí ẹ máa wá. Òmìnira ńlá nìyẹn jẹ́ fún ìyá ọlọ́mọ, torí kò sẹ́ni tó máa sọ pé dandan ni kí òpin ọ̀sẹ̀ báyìí báyìí jẹ́ ti ìjọba. Àmọ́ àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, ìyà yẹn sì wà nínú iṣẹ́ yìí fún ẹni tí kò bá múra.

Ọ̀gá yín, ní tòótọ́, pín sí ọ̀nà méjì. Ẹ̀ka San Antonio ló máa gbé iṣẹ́ fún yín, ló máa sọ aṣọ tí ẹ máa wọ̀ àti àkókò tí ẹ máa dé, ọ̀gá yín níbẹ̀ ló sì máa kọ ìwé ìgbéléwọ̀n iṣẹ́ yín, èyí tí ìgbéga yín so mọ́. Ṣùgbọ́n ìwé yín kò sí lọ́wọ́ wọn. Iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní HQ RIO, tó wà ní Buckley Space Force Base ní ìpínlẹ̀ Colorado, ló ń bójú tó ọ̀ràn ìwé gbogbo àwọn ọmọ ogun òfurufú àfipamọ́ tó dá wà bíi tiyín, nípasẹ̀ àwọn ẹ̀ka kéékèèké tó ní káàkiri. Ọ̀gá San Antonio lè fẹ́ràn yín bí ojú, kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún póìǹtì yín ṣe, ìyẹn iye tí wọ́n fi ń ka iṣẹ́ yín fún owó ìfẹ̀yìntì. Àwọn RIO lè mọ òfin tinú tẹ̀yìn, wọn kò sì ní rí yín lójú títí ẹ ó fi fẹ̀yìn tì. Ohun tó bá bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì, ẹ̀yin nìkan lẹ máa tètè rí i.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń gbani síṣẹ́ kì í sábà sọ. Àwọn alákòókò kíkún máa ń ṣí kúrò níbùdó kan sí òmíràn lẹ́yìn ọdún bíi méjì sí mẹ́rin, ìwọ̀n ìgbà tí ọ̀gá yín bá sì ti ṣí lọ, ọ̀gá tuntun lè dé tí kò tíì rí IMA rí láyé rẹ̀. Á rí orúkọ yín nínú ìwé, á sì máa ronú pé kí ló dé tí ẹni yìí kì í wá síbi iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá ti gbọ́ pé ọ̀gá tuntun dé, ẹ pè é. Ẹ ṣàlàyé iye ọjọ́ tí òfin béèrè lọ́wọ́ yín, ẹ fi ìlànà ọjọ́ tí ẹ fẹ́ wá lọ́dún náà ránṣẹ́ sí i, ẹ sọ fún un pé òun ni yóò máa fọwọ́ sí àwọn ọjọ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sì béèrè ìgbà tó fẹ́ kí ìwé ìgbéléwọ̀n yín tó òun lọ́wọ́. Ohun kan náà ló yẹ kí ẹ ṣe pẹ̀lú àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà. Àkáǹtì tí èèyàn kò bá lò fún ìgbà díẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun, wọ́n á tì í. Mo ti rí sájẹ́ǹtì tó wakọ̀ láti òru wá síbi iṣẹ́, tó jókòó sídìí tábìlì ní aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀, tó ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà, tí kọ̀ǹpútà sì sọ fún un pé òun kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ìlà níwájú ọ́fíìsì àwọn oníkọ̀ǹpútà ni ọjọ́ náà parí sí, iṣẹ́ kankan kò di ṣíṣe. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó gbéra, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka náà pé kí wọ́n jí àkáǹtì yín, kí wọ́n sì wo àwọn ẹ̀kọ́ tó di dandan tí àkókò wọn ti kọjá.

Ó kan póìǹtì wàyí, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn sí ọ̀ràn ọdún mẹ́fà yín wà. Àkókò iṣẹ́ kan tí kò dín ní wákàtí mẹ́rin ni wọ́n ń pè ní IDT, èèyàn lè ṣe méjì lóòjọ́. Póìǹtì kan ni IDT kan, owó rẹ̀ sì jẹ́ owó oṣù pọ́ńbélé ọjọ́ kan, èyí ni pé ọjọ́ kan tí ẹ bá ṣe IDT méjì máa mú owó ọjọ́ méjì wá, láìsí owó ilé nínú rẹ̀. Ìsọ̀rí Category A ń béèrè IDT 48 lọ́dún. Category B tiyín ń béèrè 24, tó jẹ́ ọjọ́ 12. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ọdọọdún, tó jẹ́ ọjọ́ 12 sí 14 fún IMA, póìǹtì kan lọ́jọ́ kan. Ìjọba tún ń fún yín ní póìǹtì 15 lọ́dún nítorí pé ẹ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Kí ọdún kan tó lè wọ inú ọdún 20 tí èèyàn nílò láti gba owó ìfẹ̀yìntì, póìǹtì inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní 50.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀ wò. IDT 24, iṣẹ́ ọdọọdún ọjọ́ 12, àti 15 ti ọmọ ẹgbẹ́: 51 ni gbogbo rẹ̀. Póìǹtì kan ṣoṣo ló fi lé. Bí ọmọ bá ṣàìsàn lọ́jọ́ kan tí ẹ kò lè wá, tí ẹ kò sì rí ọjọ́ mìíràn fi dípò rẹ̀, ó di 49, ọdún yẹn sì ti jáde kúrò nínú ọdún 20. Àwọn póìǹtì náà kò parẹ́ o, wọ́n ṣì máa kà wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò owó, ṣùgbọ́n ẹ ó fi ọdún kan mìíràn dí i. Fún ìdí èyí, mo máa ń gba ẹnikẹ́ni tó wà ní Category B nímọ̀ràn pé kó bá ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́ pé òun fẹ́ ṣe ọjọ́ mélòó kan sí i lọ́dọọdún láìgba owó, fún póìǹtì nìkan. Òfin gbà á láyè. Ó dunni láti ṣiṣẹ́ láìgbowó, mo mọ̀, àmọ́ ọjọ́ méjì bẹ́ẹ̀ lọ́dún sàn ju ọdún kan gbáko tó ṣòfò lọ.

Ìdẹkùn kejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ọdún ìṣúná ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, ó sì parí lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án. Òun ni wọ́n fi ń ka bóyá ẹ ti ṣe iye IDT àti iṣẹ́ ọdọọdún tí ẹ jẹ. Ọdún póìǹtì yín yàtọ̀. Ọjọ́ tí ẹ wọ iṣẹ́ ológun ló sábà máa ń pinnu ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ó sì lè yí padà bí èèyàn bá jáde fún ìgbà kan kó tó padà wọlé. Ẹ jẹ́ ká ní tiyín bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 15 oṣù Karùn-ún. Lọ́dún ìṣúná àkọ́kọ́, ẹ ṣe gbogbo ọjọ́ yín láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án. Ọdún ìṣúná kejì dé, ẹ ní kí ẹ tètè bọ́ nínú ẹ̀, ẹ sì parí gbogbo rẹ̀ kí oṣù Kẹrin tó tán. Lọ́dún kẹta, iṣẹ́ wọ̀ yín lọ́rùn ní Houston, ẹ kò ráyè lọ títí oṣù Kẹfà fi dé. Lójú àwọn tó ń wo ọdún ìṣúná, ẹ kò jẹ gbèsè kankan ní ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lórí ìwé póìǹtì, iṣẹ́ ọdún méjì ti bọ́ sínú ọdún póìǹtì kan ṣoṣo, èyí tó tẹ̀lé e sì ṣófo, àfi 15 ti ọmọ ẹgbẹ́. Ọ̀gá San Antonio kò ní rí i. Ètò kọ̀ǹpútà kò ní kígbe. Ọjọ́ tí ẹ bá gba ìwé póìǹtì yín wò lẹ mọ̀, ohun tó bá sì ti kọjá níbẹ̀, kò ṣeé dá padà. Torí náà, kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ béèrè ọjọ́ tí ọdún póìǹtì yín bẹ̀rẹ̀ gan-an, ẹ kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà tó wà nílé ìdáná yín, kí ọkọ yín náà mọ̀ ọ́n. Ẹ pín àwọn ọjọ́ yín sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọjọ́ náà.

Ọdún mẹ́fà yín kò ṣòfò, nígbà náà. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ póìǹtì kan, ó sì tó nǹkan bíi 2,190. Ọdún 14 ló kù. Bí ẹ bá ṣe 51 péré lọ́dọọdún, 714 ni, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,904. Wọ́n á fi 360 pín in, ó di ọdún mẹ́jọ àti díẹ̀. Bí ẹ bá wọ iṣẹ́ kí ọdún 2018 tó bẹ̀rẹ̀, tí ẹ kò sì yan ètò ìfẹ̀yìntì tuntun, 2.5 nínú 100 ni wọ́n ń ka ọdún kọ̀ọ̀kan sí, èyí tó máa fún yín ní nǹkan bí 20 nínú 100 owó oṣù pọ́ńbélé. Bó bá jẹ́ ètò tuntun lẹ wà, 2 nínú 100 ni, ó di nǹkan bí 16, ṣùgbọ́n ìjọba ń fi owó kún ohun tí ẹ ń tọ́jú sínú TSP, àpò ìfowópamọ́ ìfẹ̀yìntì ti ìjọba. Ọmọ ọgọ́ta ọdún lẹ ó máa jẹ́ kí owó náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Láti ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 2008, òfin ti gbà pé kí ọjọ́ 90 kọ̀ọ̀kan tí ọmọ ogun àfipamọ́ bá lò lẹ́nu irú àwọn iṣẹ́ ojú ogun tàbí ìrànlọ́wọ́ kan máa dín oṣù mẹ́ta kù nínú ọjọ́ orí yẹn, bí kò bá ti lọ sísàlẹ̀ 50. Nígbà tí ẹ bá pé ọdún 20, ẹ má gba ìdásílẹ̀ pátápátá. Ẹ wọ ìsọ̀rí Retired Reserve, ti àwọn àfipamọ́ tó fẹ̀yìn tì tí orúkọ wọn ṣì wà nínú ìwé, kó lè jẹ́ ìwọ̀n owó oṣù ìgbà tí ẹ bá ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún ni wọ́n máa fi ṣírò tiyín.

Owó IDT kò ní wọlé bí kò bá sí ìfọwọ́sí. Ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní UTAPS ni ẹ ó ti béèrè ọjọ́, ọ̀gá yín á fọwọ́ sí i kí ẹ tó ṣe é, á sì tún jẹ́rìí sí i lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe é tán. Ẹ má ṣe kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ ìkẹyìn láìjẹ́ pé ẹ rí ìjẹ́rìí náà lójú ara yín.

Ní ti agbanisíṣẹ́ yín, òfin kan wà láti ọdún 1994 tí wọ́n ń pè ní USERRA, ó sì lágbára. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ṣáájú, lẹ́nu tàbí nínú ìwé. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́. Wọn kò lè fipá mú yín kí ẹ fi ọjọ́ ìsinmi yín rọ́pò ọjọ́ iṣẹ́ ológun, wọn kò sì lè gba iṣẹ́ yín nítorí rẹ̀. Iléeṣẹ́ aládàáni kò ní láti san owó ọjọ́ tí ẹ kò sí níbẹ̀. Bí iṣẹ́ náà kò bá kọjá ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ gbọ́dọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ ní àkókò iṣẹ́ yín tó tẹ̀lé e lẹ́yìn tí ẹ bá délé tí ẹ sì sinmi wákàtí mẹ́jọ. Láti ọjọ́ 31 dé 180, ẹ ní ọjọ́ 14 láti béèrè iṣẹ́ yín padà. Tó bá ju ìyẹn lọ, ọjọ́ 90. Òfin náà dáàbò bo èèyàn fún àpapọ̀ ọdún márùn-ún lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n IDT àti iṣẹ́ ọdọọdún kò sí lára ìṣírò yẹn. Ibi tí ọ̀gá iléeṣẹ́ aládàáni ti máa ń ṣe kàyéfì ni pé ọjọ́ iṣẹ́ IMA máa ń bọ́ sí àárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tó mọ ọmọ ogun àfipamọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀ lè rò pé ẹ ń fi ìjọba ṣàwáwí. Ẹ fún un ní ètò ọdún náà látìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé àṣẹ tàbí lẹ́tà láti ọwọ́ ọ̀gá San Antonio wá fún un láìdúró kó béèrè. Bí ìjà bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ síbẹ̀, iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní ESGR ní àwọn alárinà tí wọ́n máa ń bá àwọn agbanisíṣẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Houston sí San Antonio fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì 200, wákàtí mẹ́ta lórí ọ̀nà bí kò bá sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ìjọba máa ń san owó ìrìnnà iṣẹ́ ọdọọdún, torí ìwé àṣẹ wà fún un. Ti IDT wà lọ́rùn yín. Ètò kan wà fún àwọn tó ń rin ìrìn tó ju máìlì 150 lọ, àmọ́ irú àwọn iṣẹ́ kan pàtó ló wà fún, ẹ má ṣe ka owó náà mọ́ tiyín àfi bí ẹ bá rí i lákọsílẹ̀. Ẹ kó àwọn ọjọ́ jọ, mẹ́rin mẹ́rin, kí ẹ lè lọ lẹ́ẹ̀mẹta péré lọ́dún, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka náà bóyá wọ́n lè wá ibùsùn fún yín nínú bárékè. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì, nítorí òfin owó orí gba ọmọ ogun àfipamọ́ tó bá rin ìrìn tó ju máìlì 100 lọ, tó sì sùn síbẹ̀, láyè láti yọ ìnáwó náà kúrò nínú owó tí wọ́n máa ṣírò owó orí lé.

Ẹ má ṣe wo iṣẹ́ yìí bíi pé ọjọ́ 24 lọ́dún ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ka náà lè ní iṣẹ́ tó pọ̀ jù fún wọn, kí wọ́n wá fi owó àwọn alákòókò kíkún pè yín fún oṣù mélòó kan, èyí tí wọ́n ń pè ní MPA. Ẹ lè gbà, ẹ sì lè kọ̀; bí ẹ bá gbà, ẹ ṣọ́ ọdún márùn-ún ti USERRA. Ti ìpè dandan ni kò ní kíkọ̀. Pàjáwìrì orílẹ̀-èdè tí Ààrẹ Bush kéde lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001 ni wọ́n ń sọ dọ̀tun lọ́dọọdún láti ìgbà yẹn, lábẹ́ irú ìkéde bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ti fàyè gbà á láti pe ọmọ ogun àfipamọ́ fún oṣù 24 gbáko. Ìpè yẹn ni ìdí tí ìjọba fi ṣẹ̀dá àyè tí wọ́n fi lọ̀ yín. Kí ẹ̀yin àti ọkọ yín jókòó sọ ọ́ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé: ta ni yóò máa gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, ta ni yóò wá láti Nàìjíríà wá ràn wọ́n lọ́wọ́, ta ni yóò lè fọwọ́ sí ìwé ilé. Àjọsọ yẹn ṣe pàtàkì ju owó inú iṣẹ́ náà lọ.

Ìbàdàn ló kù. Bí àyè San Antonio bá béèrè àṣẹ àtirí ìwé àṣírí ìjọba, èyí tí gbogbo wa ń pè ní clearance, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó ń bójú tó ààbò ní ẹ̀ka yín mọ̀ nípa ìrìn àjò òkè òkun tí ẹ fẹ́ rìn, kí ẹ tó lọ, kódà bó bá jẹ́ pé ẹ kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà rárá. Láti ọdún 2017 ni òfin yìí ti wà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á béèrè ọjọ́ tí ẹ lọ, ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀, àti ibi tí ẹ ó dé sí. Ọmọ Nàìjíríà tí a bí bẹ́ẹ̀ kì í pàdánù ìjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 1999 nítorí pé ó di ará Amẹ́ríkà, torí náà, ẹ lè ṣì ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lọ́wọ́. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ní in, ẹ má fi pamọ́, kí ẹ sì máa fi ti Amẹ́ríkà jáde ní Houston kí ẹ sì fi í wọlé padà. Àìsọ ló ń ba clearance jẹ́ jù, ìrìn àjò ilé fúnra rẹ̀ kì í sábà bà á jẹ́. Oṣù Kejìlá wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìṣúná, àkókò ṣì pọ̀ níwájú fún àwọn ọjọ́ yín nígbà tí ẹ bá dé, bí ọjọ́ tí ọdún póìǹtì yín ń parí kò bá ti sún mọ́. Ẹ fi ìwé ìrìn àjò náà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ààbò lóṣù Kẹwàá, ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí ẹ bá ń fi ètò ọdún tuntun ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín.